Ṣé ìgbàgbọ́ mi ló yẹ̀ ni, àbí ara mi ni kò yá?

Pásítọ̀ kan kọ̀wé pé òun ti ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ láti ọdún 14 wá. Láti bí oṣù márùn-ún báyìí, aago méjì òru ló ń jí, oorun kì í sì í padà wá. Tó bá ṣí Bíbélì, ohun tó máa wàásù lé lórí nìkan ló ń wá níbẹ̀. Fóònù á dún, àyà rẹ̀ á já. Ó ti ń kanra mọ́ ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21, ó fi ìṣọ́ òru ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kún un, ọ̀rọ̀ náà sì tún le sí i. Ìbéèrè rẹ̀ rèé: “Ṣé ìgbàgbọ́ mi ló yẹ̀ ni, àbí ara mi ni kò yá? Kí ni mo lè ṣe tí ìjọ kò fi ní mọ̀?”

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Pásítọ̀. Ẹ kú ìfaradà.

Kò sí ohun kan nínú lẹ́tà yín tó fi hàn pé ìgbàgbọ́ yín ti yẹ̀. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé ara àti ọpọlọ ti ń bẹ̀ yín láti oṣù márùn-ún pé àwọn ò lè gbé e mọ́. Ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà bí ìpè sí àdúrà, ẹ wá fi ààwẹ̀ mú oúnjẹ kúrò, ẹ fi ìṣọ́ òru gba ìwọ̀nba oorun tó ṣẹ́ kù. Ohun méjì tó ń gbé yín ró nìyẹn. Ìdí tó fi burú sí i nìyẹn, kì í ṣe pé Ọlọ́run kọ etí dídi sí yín.

Ọpọlọ tí kò sùn tó máa ń rí ewu níbi tí ewu kò sí. Apá ibi tó ń ru ìbẹ̀rù sókè nínú rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ àṣejù, apá tó yẹ kó kó o ní ìjánu á sì dẹwọ́. Ìdí rèé tí ìró fóònù lásán fi ń já yín láyà, tí ọ̀rọ̀ tí kò ní bí yín nínú tẹ́lẹ̀ fi ń dà bí àfojúdi. Àìjẹun fún ìgbà pípẹ́ ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ìyẹn náà sì ń fa ìkanra, ẹ̀fọ́rí àti àìlè pọkàn pọ̀. Tí ẹ bá tún wá sọ aago méjì òru di àsìkò àdúrà, ara á kọ́ ọ pé àsìkò jíjí nìyẹn, kódà lọ́jọ́ tí kò sí ìṣọ́ òru. Nítorí náà, ẹ dá ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn àtọ̀gbẹ tàbí lithium (oògùn àìsàn ọpọlọ kan) kò tilẹ̀ gbọdọ̀ gbààwẹ̀ láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, pàápàá ààwẹ̀ tí kò ní omi mímu nínú.

Ẹ tún lọ ka Àwọn Ọba Kìíní orí 19, kí ẹ sì fi ojú ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn kà á. Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun tán lórí Òkè Kámẹ́lì ni. Jésébẹ́lì halẹ̀ mọ́ ọn, ó sá lọ, ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn, ó dá wọ aginjù, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kó gba ẹ̀mí òun. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ bá a wí. Ó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó bá àkàrà tí wọ́n yan lórí ẹyín iná àti ìgò omi níbi orí rẹ̀; ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ló rin ìrìn ogójì ọjọ́, lẹ́yìn ìyẹn ni Ọlọ́run tó bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló kù, pé ẹgbẹ̀rún méje ṣì wà, tí wọ́n wá fún un ní Èlíṣà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: oorun, oúnjẹ, oorun, oúnjẹ, ìrìn, ọ̀rọ̀, ẹnìkejì. Ọ̀pọ̀ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ló máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dá ìbéèrè yín gan-an lóhùn. Ohun mẹ́ta ló yẹ ká yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ìtọ́jú wọn kò jọra.

Àkọ́kọ́ ni àárẹ̀ iṣẹ́. Nínú àkójọ àìsàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọn ò kà á sí àìsàn, ohun tí iṣẹ́ ń fà ni wọ́n pè é, wọ́n sì fún un ní àmì mẹ́ta: okun á tán pátápátá; ọkàn á jìnnà sí iṣẹ́ náà, èèyàn á sì máa fojú tí-n-tín wo ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sìn; á wá dà bíi pé kò sóhun tí òun ń ṣe tó ń yọrí. Àmì kejì yìí ló máa ń ba pásítọ̀ lẹ́rù jù. Ọmọ ìjọ á wọlé tẹkúntẹkún, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni “kí ló tún dé?”, á sì rò pé òun ti di ìkà. Àárẹ̀ iṣẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ tí èèyàn bá kúrò nídìí iṣẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀.

Ìkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti di àìsàn. Ìyẹn máa ń bá èèyàn dé ibi ìsinmi. Kì í mọ sórí iṣẹ́ nìkan: oúnjẹ kò ní dùn lẹ́nu, eré ọmọ kò ní pani lẹ́rìn-ín, ojú á là gbalaja kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkàn á sì máa dáni lẹ́bi lórí ohun tí kò tó ẹ̀ṣẹ̀.

Ìkẹta ni ọ̀dá ọkàn, ìgbà tí àdúrà gbẹ. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń sùn, ó ń jẹun, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run nìkan ni kò rí bá sọ̀rọ̀. Àwọn lẹ́tà Mother Teresa, obìnrin ìjọ Àgùdà tó tọ́jú àwọn tálákà ní Íńdíà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà nínú irú òkùnkùn yẹn láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Olùtọ́nisọ́nà nípa tẹ̀mí ni irú èyí ń fẹ́, kì í ṣe oògùn.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wọnú ara wọn. Ṣùgbọ́n jíjí láàárín òru, ìkanra tó ti délé, oṣù márùn-ún tí kò dáwọ́ dúró: títí dókítà á fi sọ ohun mìíràn, ẹ gbà pé ìkejì wà níbẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́sàn-án kan wà tí àwọn dókítà ń lò káàkiri ayé, PHQ-9 ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni. Ó ń béèrè bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe yọ yín lẹ́nu tó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn: kí nǹkan má wuni ṣe mọ́, ìbànújẹ́ tàbí àìnírètí, àìróorunsùn tàbí oorun àsùnjù, àárẹ̀, àìlè jẹun tàbí àjẹjù, èrò pé ẹ ti kùnà tàbí pé ẹ ti já ilé yín kulẹ̀, àìlè pọkàn pọ̀, kí ìrìn àti ọ̀rọ̀ falẹ̀ débi tí ẹlòmíì fi rí i, tàbí kí ara má lè gbé jẹ́ẹ́ rárá, àti èrò pé ó sàn kí ẹ kú tàbí kí ẹ ṣe ara yín léṣe. “Rárá” gba 0, “ọjọ́ díẹ̀” gba 1, “ó ju ìdajì ọjọ́ náà lọ” gba 2, “fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́” gba 3. Àròpọ̀ rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Tó bá ti pé 10, ẹ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá wọ 20, ó ti le gan-an. Tí ìdáhùn yín sí ìkẹsàn-án bá ju 0 lọ, ẹ má tilẹ̀ dúró ṣe àròpọ̀, ẹ bá ẹnì kan sọ ọ́ lónìí.

Ibi tí ìwé yìí ti máa ń tan àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run jẹ ni pé wọ́n á kọ 0 síwájú “àìnírètí” nítorí pé ẹnu kò gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ibi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ kọ. Ohun tí ẹ gbà gbọ́ pé Ọlọ́run máa ṣe, ẹ fi ìyẹn sí ibi àdúrà. Kí ìyàwó yín náà kọ tirẹ̀ nípa yín lórí ìwé ọ̀tọ̀. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá jìnnà síra, tirẹ̀ ni kí ẹ gbára lé jù.

Dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ ara wò. Ẹ ní kó wọn ìfúnpá yín, kó yẹ ṣúgà, iye ẹ̀jẹ̀ àti iṣẹ́ ẹṣẹ́ tírọ́ìdì tó wà lọ́rùn wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti tírọ́ìdì tí kò ṣiṣẹ́ tó lè fara jọ ìrẹ̀wẹ̀sì gan-an. Tí ẹ bá ń hanrun púpọ̀, tí ìyàwó yín sì sọ pé èémí yín máa ń dá lójú oorun, ẹ sọ ọ́. Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ ìjọ kì í mọ̀ pé àìsàn ni, èyí tó máa ń mú kí wọ́n yìn yín dípò kí wọ́n gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà: ìgbà kan tí ẹ sùn wákàtí méjì mẹ́ta péré fún odindi ọ̀sẹ̀ kan tí kò sì rẹ̀ yín, tí ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu yín láìdúró, tí ìran ń gorí ìran, tí ẹ yá owó kọ́lé ìjọsìn tí ẹnikẹ́ni ò bá yín ro. Wọ́n á ní ìfòróróyàn ti sọ̀ kalẹ̀. Tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ rí, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà, nítorí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan lè tún tan iná ọ̀hún, àìsùn ìṣọ́ òru náà sì lè tàn án. Oògùn mìíràn ló wà fún un.

Ní ti ìtọ́jú, ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ nípa ọkàn sábà máa ń gbà láti ìgbà mẹ́fà sí ogún ìgbà. Kì í ṣe ìmọ̀ràn lásán. Ó máa bá yín ṣètò ohun kéékèèké tí ẹ máa ṣe lójoojúmọ́ kó tó wù yín ṣe, torí nínú ìrẹ̀wẹ̀sì, ìgbésẹ̀ ló ń ṣáájú, ìfẹ́ inú á tẹ̀ lé e. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì bíi sertraline tàbí fluoxetine kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan: ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó rí ìyàtọ̀, ó lè tó mẹ́fà kó tó hàn kedere. Èébì tàbí ẹ̀fọ́rí lè wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìfẹ́ ìbálòpọ̀ lè dín kù. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má kàn já a sílẹ̀, torí jíjáwọ́ lójijì ń fa òòyì àti àìbàlẹ̀ ara. Tí ara bá ti yá, ẹ ṣì máa lò ó fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: ara á yá, wọ́n á jẹ́rìí ní gbangba, wọ́n á da oògùn nù, àìsàn á sì padà. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn oorun bíi diazepam ní tirẹ̀. Ó ń di bárakú, kò yẹ kó kọjá ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin.

Fún oorun fúnra rẹ̀: ẹ máa jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ẹ má mu kọfí lẹ́yìn ọ̀sán. Fóònù ò gbọdọ̀ wọ yàrá. Tí ẹ bá jí tí oorun ò padà láàárín bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ dìde lọ jókòó síbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀, ẹ má wo aago, ẹ padà nígbà tí ojú bá wúwo. Tí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà nígbà yẹn, kó jẹ́ gbólóhùn kan tàbí méjì. Kì í ṣe àkókò láti máa dárúkọ àwọn ọmọ ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àdúrà.

Ẹnì kan máa sọ fún yín pé lílo oògùn fi hàn pé ẹ ò gbára lé Ọlọ́run. Ẹlòmíì máa fẹ́ ṣe àdúrà ìtúsílẹ̀ fún yín. Ẹ gba àdúrà lọ́wọ́ ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ da oògùn nù, kí ẹ má jẹun, tàbí tó nawọ́ sí ìyàwó yín pé òun ló fà á, ẹ má gbà á láyè.

Ìgbàgbọ́ ń ranni lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ọ̀nà tí èèyàn gbà dì í mú ló ń ṣiṣẹ́. Kenneth Pargament, onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí èyí. Àwọn tó ń bá Ọlọ́run ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n ń ṣe ìpín tiwọn tí wọ́n sì fi ìyókù lé e lọ́wọ́, sábà máa ń ṣe dáadáa ju àwọn tó káwọ́ gbera pé Ọlọ́run á ṣe gbogbo ẹ̀. Èrò bíi “Ọlọ́run ti kọ̀ mí sílẹ̀” tàbí “ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mò ń jẹ” sì máa ń bá ìrẹ̀wẹ̀sì tó le rìn. Ẹ fetí sí ohun tí ẹ ń sọ fún ara yín ní aago méjì òru. Tó bá jẹ́ ti ìkọ̀sílẹ̀ ni, ẹ má fi ìpolongo ayọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwé Sáàmù tó jẹ́ ẹkún àti àròyé. Sáàmù 88 tilẹ̀ parí sínú òkùnkùn, kò sí ìyìn kankan ní ìparí rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́ kí ìjọ máa kọ ọ́ lórin. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, sáàmù kan láàárọ̀ tó. Ẹ má kọ nǹkan kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìwàásù.

Mo wá dé ibi tí ẹ ti béèrè ohun tí ẹ lè ṣe tí ìjọ kò fi ní mọ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìwà ti wọ̀ ọ́, ibi tí mo sì rò pé ọ̀rọ̀ yín ti lè yí padà jù nìyí. Àṣírí yìí fúnra rẹ̀ ń jẹ yín lókun. Ẹni tó ń fi ẹ̀rín bojú lórí pẹpẹ tó sì ń sunkún nílé ń ṣe iṣẹ́ méjì pa pọ̀. Àárẹ̀, ìdánìkanwà àti àṣírí, nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára ẹni tó wà nípò àṣẹ, ibẹ̀ ni ọtí ti ń wọlé, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń kan owó ìjọ, ibẹ̀ ni obìnrin tó wá gba ìmọ̀ràn ti ń di ẹnì kan ṣoṣo tó “lóye” pásítọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ ènìyàn burúkú láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ìgbà yìí, ẹ má gba ẹnikẹ́ni ní ìmọ̀ràn ju ìgbà mẹ́ta lọ kí ẹ tó darí rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ẹ má dá ìfiránṣẹ́ ọmọ ìjọ lóhùn lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ẹni méjì máa ka owó láìsí yín níbẹ̀.

Kò dìgbà tí gbogbo ìjọ bá mọ gbogbo ẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ mọ ọ́n tán: ìyàwó yín, dókítà, àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí kò sí nínú ìjọ yín, tí kì í ṣe ẹni tó ń san owó oṣù yín, tí ẹ̀yin náà kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Kí ẹ máa pàdé rẹ̀ fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kó máa bi yín léèrè oorun, ìbínú, owó, ìdánwò àti àdúrà. Àwọn alàgbà méjì tó lè pa ẹnu mọ́ yẹ kó mọ̀ pé àìsàn ni. Ohun tí ìjọ máa gbọ́ kò ju èyí lọ: “Dókítà ní kí n sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Alàgbà báyìí ló máa darí ìsìn, ẹni báyìí ló máa gba ìpè pàjáwìrì. Ẹ máa rántí wa nínú àdúrà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má pe ilé wa.” Ẹ má sọ pé ẹ rìnrìn àjò. Kí àwọn alàgbà sì fi ọwọ́ sí ìwé pé owó oṣù yín kò ní dúró kí ẹ tó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ máa padà sórí pẹpẹ.

Tí ẹ bá padà, ẹ má padà sí iṣẹ́ bó ṣe wà. Oṣù àkọ́kọ́: ìwàásù kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ìsìnkú, kò sí ìgbani-nímọ̀ràn. Oṣù kejì: ìwàásù ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni méjì péré fún ìmọ̀ràn lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pín ọjọ́ sí àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ẹ má ṣiṣẹ́ ju méjì lọ nínú mẹ́ta lójúmọ́. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí fóònù wà lọ́wọ́ ẹlòmíì láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ohun tó ń tán pásítọ̀ lókun kì í sábà jẹ́ iye wákàtí nìkan. Ìsìnkú ní àárọ̀, ìgbéyàwó ní ọ̀sán, ìjà tọkọtaya ní alẹ́, kí ojú yí padà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan. Ẹ má fi méjì nínú irú wọn sí ọjọ́ kan náà. Jẹ́tírò sọ fún Mósè nínú Ẹ́kísódù orí 18 pé ohun tó ń ṣe kò dára, pé ó máa dá ara rẹ̀ àti àwọn ènìyàn náà lágara, ó sì ní kó yan olórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àádọ́ta-dọ́ta àti mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹni tó gbé ìmọ̀ràn yẹn wá ni ẹni tó mú ìyàwó Mósè àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì padà wá bá a nínú aginjù.

Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín ka ìpínrọ̀ tó kàn yìí. Mọ́mì, Mósè, Èlíjà àti Jónà ló béèrè ikú lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí náà tí ọkọ yín bá ń gbàdúrà pé kí Olúwa wá mú òun lọ, ẹ má kà á sí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lásán. Ẹ bi í tààrà: “Ṣé ẹ̀ ń rò ó láti pa ara yín?” Bíbéèrè kì í fi èrò náà síni lọ́kàn, ìtura ló máa ń jẹ́ fún ẹni tó ń dá a gbé. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí tó ń pín ẹrù rẹ̀, tó ń dágbére, tí ara rẹ̀ balẹ̀ lójijì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ ìrora, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó oògùn, kẹ́míkà apakòkòrò àti ohun ìjà kúrò nílé, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àdúrà lè máa lọ lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin, Pásítọ̀, ẹ gba ìpàdé pẹ̀lú dókítà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Lórí ìwé kan ṣoṣo, ẹ kọ aago tí ẹ sùn àti aago tí ẹ jí fún ọjọ́ méje, máàkì PHQ-9 yín àti ti ìyàwó yín, gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò, iye ọjọ́ tí ẹ fi gbààwẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti ní àìsàn ọpọlọ rí, àti bóyá ẹ ti ní irú ọ̀sẹ̀ tí oorun ò sí tí okun sì ń ru sókè bí mo ṣe ṣàlàyé. Ẹ mú ìyàwó yín dání wọlé. Ohun tí ẹ bá gbàgbé, tàbí tí ẹ bá fẹ́ rọra fò, ó máa sọ ọ́.